Ìjàpá Láti Ọ̀jọ́ Dé Ìdànrè: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Márùn-ún

Ìmúra

Wọ́n bi ìjàpá pé ìgbà wo ni yóò dé láti àjò, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Volkswagen tí a sọ ní ìjàpá kì í dédé tẹ́. Bó bá dúró sójú ọ̀nà, ooru ló sábà máa ń fà á, tàbí epo tó ń jò, tàbí ọwọ́ ẹni tó tú nǹkan kúrò lára rẹ̀ tí kò sì mọ iṣẹ́ tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni gbogbo àtúnṣe ọkọ̀ yìí dá lé. Ohun tí a ń wá ni pé kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi ìpàdé àwọn onímọ́tò ìjàpá ní Ìdànrè, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí Èkó.

Ti 1978 ni ọkọ̀ náà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ọ̀nà Badagry, ní Ọ̀jọ́, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Láti Brazil ni ẹ̀yà ọkọ̀ ti ń wá síbẹ̀. Ọkọ̀ Volkswagen Igala tí àwọn àgbà wa gùn nígbà náà, Brasília àwọn ará Brazil ni. Ẹ rántí èyí tí ẹ bá ń wá páàtì. Mexico ṣì ń ṣe ìjàpá títí di oṣù keje 2003, Brazil ṣe tiwọn dé 1996, nítorí náà páàtì fún un kò tíì wọ́n. Tí ẹ bá dé ọjà páàtì Ládípọ̀, ẹ mú kálípà tí a fi ń wọn irin dání, kí ẹ wọn nǹkan kí ẹ tó sanwó. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í fìgbà gbogbo bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu.

Ẹ́ńjìnnì 1500 ni a bá nínú rẹ̀, ihò sìlíńdà 83 mm. A bọ́ sìlíńdà àti písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fi ti 85.5 mm rọ́pò wọn; ó di 1584 cc. Èyí ni àtúnṣe tó rọrùn jù lórí ẹ́ńjìnnì yìí, torí ihò inú kéèsì, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí sìlíńdà wọ̀ sí, àti orí ẹ́ńjìnnì kan náà ló gba méjèèjì, kò sí pé à ń gbé e lọ fún tọ́nà tó ń gbẹ́ irin. Àwọn kan á ní kí ẹ fi 87 mm sí i, pé òun náà wọlé láìgbẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ara sìlíńdà yẹn ti fẹ́lẹ́ jù, ooru ilẹ̀ wa á mú kó wọ́, á sì máa fa ọ́ìlì. Ọfà orí písítìnì gbọ́dọ̀ kọjú sí fláíwíìlì, àgbá irin tí kílọ́ọ̀ṣì ń dì mú. Nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ fún gbogbo wọn dé 10 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì), kí ẹ tó padà fún wọn dé 25 Nm tó bá jẹ́ bóòtì 8 mm, tàbí 32 Nm tó bá jẹ́ 10 mm. Ẹni tó bá fi agbára apá lásán fún un á fa bóòtì tu kúrò nínú kéèsì, torí irin fúyẹ́fúyẹ́ ni kéèsì ọ̀hún.

Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, kò ní rédíétọ̀, kò ní omi. Fáànù kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí páànù tó bo sìlíńdà mọ́lẹ̀, páànù sì ni ń darí afẹ́fẹ́ gba àárín ìyẹ́ ara sìlíńdà. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ba ọkọ̀ jẹ́ nìyí: wọ́n á tú páànù kékeré tó wà nísàlẹ̀ dànù pé kò wúlò, wọ́n á já rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká nù. Tí rọ́bà yẹn ò bá sí, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó jáde nísàlẹ̀ á padà gòkè, fáànù á tún fà á wọlé, ẹ́ńjìnnì á wá máa mí èémí ara rẹ̀. A wá gbogbo páànù ọkọ̀ yìí pé, a sì fi rọ́bà tuntun yí i ká látòkè délẹ̀. Nínú gbogbo owó tí a ná, èyí ló so èso jù.

Ọ́ìlì kúlà, tó ń tu ọ́ìlì lára, náà ṣe pàtàkì. Nínú àwọn ìjàpá tó ṣáájú 1971, inú àpótí fáànù gan-an ló dúró sí, ó ń dínà afẹ́fẹ́ mọ́ sìlíńdà kẹta. Ìdí nìyẹn tí fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà) sìlíńdà kẹta fi máa ń kọ́kọ́ jó. Irú ti lẹ́yìn ìgbà náà ní ilé tirẹ̀ lẹ́yìn àpótí fáànù, ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀. Èyí la fi sí i, pẹ̀lú àpótí fáànù tó bá a mu, torí ọ̀kan ò wúlò láìsí èkejì.

Epo ló kù. Hóòsì aláṣọ tó ti pé ọdún márùn-ún, ẹ gé e sọnù, bó ti wù kó dára lójú tó. Fílítà epo oníke kò gbọ́dọ̀ dúró sókè ẹ́ńjìnnì. A gbé e lọ sábẹ́ ọkọ̀, ṣáájú gíábọ́ọ̀sì, torí tó bá jò níbi tí dísíríbítọ̀ tó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì wà, iná ni. Ẹ wo ẹnu kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, dáadáa: páìpù kékeré aláwọ̀ idẹ tí epo ń gbà wọlé máa ń yọ jáde fúnra rẹ̀ bí irin bá gbóná. A fà á jáde, a fi fáìlì họ ara rẹ̀, a fi gọ́ọ̀mù irin tó ń fara da epo lẹ̀ ẹ́ padà, a sì fi wáyà dè é. Mágínísíọ́ọ̀mù (magnesium), irin tó ń jó, wà nínú irin kéèsì. Tó bá gbiná, omi ò pa á.

Bátìrì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Tí ẹni tó wúwo bá jókòó, irin sípíríǹgì àga lè kan orí bátìrì, kó sì dáná sí kànìnkànìn inú àga. Rọ́bà nípọn la fi bo orí rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpótí: fáàn bẹ́lítì 2, kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì 1, kọndénsà 1, pílọ́ọ̀gì 4, pọ́ǹpù epo 1, kébù kílọ́ọ̀ṣì àti ti tọ́tù (ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré), hóòsì epo mítà 1, kílíìpù 8, gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù 2, ọ́ìlì lítà 2, sípánà 10, 13, 17, 19 àti 21. Ẹ̀rọ ìpaná wà lẹ́sẹ̀ àga iwájú, a ò kó ẹrù lé e.

Ọjọ́ kìíní: Ọ̀jọ́ sí Ìbàdàn

A kúrò ní aago 5 ìdájí. Mile 2, Oṣòdì, Ojota, Berger. Ìjàpá kò fẹ́ràn sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere: ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí fáànù, bó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni. A gbé ìyípo ìdúró (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan bí ọkọ̀ bá dúró) sí 900, ó fi díẹ̀ ju 850 tí ìwé sọ. Ooru ọ́ìlì dé 98°C kí a tó kúrò ní Ojota. Láàárín 90 sí 110, kò séwu. Tó bá kọjá 120, ẹ fẹ̀gbẹ́ sí ibì kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ìjàpá márùn-ún tí a jọ ń lọ kú nítòsí Berger lẹ́yìn tí wọ́n pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Iná wà ní pílọ́ọ̀gì, epo ni kò dé kabúrétọ̀. Epo ti hó nínú páìpù láàárín pọ́ǹpù àti kabúrétọ̀, torí páìpù náà sún mọ́ páìpù èéfín jù. Aṣọ tútù lórí pọ́ǹpù àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni oògùn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Oògùn gidi ni kí wọ́n yí ọ̀nà páìpù padà, kí wọ́n sì fi hóòsì tó nípọn wọ̀ ọ́. A ṣe é lálẹ́.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ 127.6 km. Ìyára wa kò ju 80 km/h ní gíà kẹrin, bíi ìyípo 2,400. Ẹ ṣọ́ra fún gíà kẹrin lórí òkè: bí ẹ bá tẹ tọ́tù tí ọkọ̀ kò dáhùn, fáànù ń yí díẹ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì sì ń pọ̀. Ẹ bọ́ sí gíà kẹta. Ariwo kì í ba ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ tó bí kí wọ́n máa fi gíà gíga wọ́ ọ.

Ní Ògèrè, iná pupa dáínámò ń ṣẹ́jú. Iná yẹn nínú ìjàpá kọjá ọ̀rọ̀ bátìrì: bẹ́lítì tó ń yí dáínámò ló ń yí fáànù. Bó bá tàn gbọnrangandan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kí ẹ fi dé iwájú. Bẹ́lítì tuntun ló fẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí 100 km, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe. A ki sukudíráfà sínú ihò etí púlì kó má baà yí, a fi 21 tú nọ́ọ̀tì, a yọ wáṣà pẹlẹbẹ kan láàárín púlì méjèèjì, a gbé e sóde lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Ẹ má sọ wáṣà náà nù, ẹ ó tún nílò rẹ̀ fún bẹ́lítì mìíràn. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́lítì láàárín, ó gbọ́dọ̀ rì tó 15 mm. Tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́rìn dáínámò á bàjẹ́.

Ní Ìbàdàn, a bá fọgánáísà kan tó ti fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé psi 35 fún ọkọ̀ kan nínú wa. Ẹ kọ̀ jálẹ̀. Iwájú ìjàpá fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Pẹ̀lú 165/80R15, psi 18 sí 20 níwájú, 26 sí 28 lẹ́yìn. Bí iwájú bá le, ọkọ̀ á máa fò nínú gálọ́ọ̀pù, ọwọ́ á sì máa já lórí sítíárìn.

Ọjọ́ kejì: Ìbàdàn sí Iléṣà

Àárọ̀ ni a ń yẹ àlàfo fáàfù wò, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, kó ti sùn mọ́jú. Ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sìlíńdà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí àyẹ̀wò yìí kó tó rin 500 km.

Ọkọ̀ wà ní gíà kò-sí (neutral). Ẹ ṣí ìdérí dísíríbítọ̀. Ẹ fi sípánà yí púlì ìsàlẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún títí àmì òkè á fi ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà tó pín kéèsì sí méjì, tí rótọ̀ tó ń yí nínú dísíríbítọ̀ á sì kọjú sí ilà kékeré tó wà létí dísíríbítọ̀. Sìlíńdà kìíní nìyẹn. Ọ̀tún ni 1 àti 2 wà, òsì ni 3 àti 4. 1 àti 3 ló súnmọ́ iwájú ọkọ̀. Fílà géèjì, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, ti 0.15 mm gbọ́dọ̀ wọ àárín sukúrúù àti ìdí fáàfù pẹ̀lú ìfà díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ fa ìwé jáde lábẹ́ ìwé mìíràn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì 13, ẹ fi sukudíráfà yí i, ẹ di sukúrúù mú bí ẹ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì tún un wọ̀n, torí ó máa ń yí díẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ń le. Lẹ́yìn náà, ẹ yí púlì padà sí ọwọ́ òsì ní ìlàjì ìyípo: sìlíńdà kejì. Ìlàjì mìíràn, ẹ̀kẹta. Ìlàjì mìíràn, ẹ̀kẹrin. Ọwọ́ òsì yìí ló jẹ́ kó tẹ̀léra 1, 2, 3, 4. Ọ̀nà tí iná fi ń tàn gan-an ni 1, 4, 3, 2.

Fáàfù tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kì í sábà ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Èyí tó dákẹ́ jù ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí àlàfo fáàfù èéfín sìlíńdà kẹta bá ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọn ọ́n, fáàfù náà ló ń nà. Orí rẹ̀ á já lọ́jọ́ kan, á sì gún písítìnì. Ẹ kọ àlàfo kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí ẹ tó tún un ṣe, kí ẹ lè fi wé ti oṣù tó kọjá. Lónìí, ẹ̀kẹta wá jẹ́ 0.13, àwọn yòókù 0.15; a dá a padà sí 0.15. A ó máa ṣọ́ ọ.

Gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù: gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí apá ìdérí nìkan. Apá orí ẹ́ńjìnnì kò gba gọ́ọ̀mù.

Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, bíi 85 km, kò mú wàhálà wá. A gba Ifẹ̀ kọjá, a sùn sí Iléṣà. Epo jẹ́ nǹkan bíi lítà 9 fún 100 km.

Ọjọ́ kẹta: Iléṣà sí Adó-Èkìtì

Ọjọ́ òkè nìyí. Láti Ìwárájà, a yà sí ọ̀nà Erinmọ, Erin-Òkè, Èfọ̀n-Alààyè. Kí ẹ tó gun òkè, ẹ ti wà nínú gíà tí ẹ fẹ́. Gíà kejì, 40 km/h, ìyípo bíi 2,800: fáànù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ooru gòkè dé 112°C lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èfọ̀n. Ní orí òkè, a ò pa ẹ́ńjìnnì. A jẹ́ kó máa yí fún ìṣẹ́jú méjì, ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀ sí 101.

Gíà tí ẹ fi gòkè náà lẹ ó fi sọ̀kalẹ̀. Bíréèkì dírọ́ọ̀mù máa ń gbóná títí kò fi ní dáhùn mọ́, ẹsẹ̀ á kàn máa rì. A ti ṣe bíréèkì ní Iléṣà: kẹ́kẹ́ eléyín tó wà fún bàtà bíréèkì kọ̀ọ̀kan, a yí i títí táyà fi há, a sì dá a padà ní eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Nígbà tí a ń bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Èfọ̀n, ọkọ̀ kan ń gbọ̀n jìgìjìgì bí wọ́n bá ti ń jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti fẹ́ ra díìsì tuntun. Kò sí ohun tó ṣe díìsì. Páìpù rírọ̀ tí kébù kílọ́ọ̀ṣì gbà kọjá lẹ́bàá gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ ní 25 sí 45 mm. Bó bá nà gbọọrọ, gbogbo ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì á gba inú kébù dé ẹsẹ̀ awakọ̀, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa mú, á máa fi sílẹ̀. Wáṣà mẹ́ta láàárín páìpù àti ibi tó dúró lé, ó tẹ̀ dé 30 mm, ìgbọ̀n tán. Lẹ́yìn èyí, a tún nọ́ọ̀tì abìyẹ́ òpin kébù ṣe kí pẹ́dà lè rìn ní òfìfo tó 15 mm. Èyí gan-an ni àǹfààní rírìn pọ̀: owó díìsì kan dúró sápò olówó.

Ìtàwùrẹ́, Àrámọkọ, Adó. Ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Ọjọ́ kẹrin: Ìpàdé ní Ìdànrè

Adó, Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́, Ìdànrè. Ìsàlẹ̀ òkè ni ọkọ̀ ń dúró sí. Àtẹ̀gùn 660 ló kù fún ẹni tó bá fẹ́ gòkè.

Ẹni tó bá ń bọ̀ sí ìpàdé fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀ nìyẹn. Àgbà kan á wá bẹ̀rẹ̀ wò ó, á béèrè irú kabúrétọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ dá a lóhùn dáadáa, torí òun náà ló lè mọ ibi tí jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀ tí ẹ ti ń wá láti ọjọ́ yìí wà. Páàtì tí ẹ ò lò, ẹ kó o wá. Ọ̀pọ̀ pàṣípààrọ̀ níbẹ̀ kò gba owó. Fífi táyà jó nílẹ̀ kò sí nínú ìpàdé onímọ́tò ìjàpá tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀. Ó wuni lójú, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn, wọ́n yí torsion bar, ọ̀pá irin tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì, ní eyín ìta kan. Eyín ìta jẹ́ 44, nítorí náà eyín kan jẹ́ díẹ̀ lé ní 8°, ọkọ̀ sì rẹlẹ̀ tó 55 mm. Eyín inú jẹ́ 40, ìyẹn 9° fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ìyàtọ̀ kékeré á yí inú sí apá kan, ìta sí apá kejì. Ohun tó kù kò tó 1°. Ọkọ̀ rírẹlẹ̀ yìí ti fọ páànù abẹ́ ẹ́ńjìnnì nínú gálọ́ọ̀pù kí ó tó dé, táyà sì ti jẹ etí mọ́gáàdì. Páànù tó fọ́ túmọ̀ sí ooru. Lórí ọ̀nà wa, ẹ fi gíga ọkọ̀ sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe gbé e wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ tú u dandan, kó rántí pé irin pẹlẹbẹ tó di torsion bar mú ní agbára nínú. Jáàkì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó kúrò lórí ìkọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ojú kò sì gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó ti ṣẹ́ ènìyàn lẹ́gungun rí.

Méjì nínú àwọn tó wá fẹ́ ra ìjàpá. Ohun tí a ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fọwọ́ méjèèjì di púlì ìsàlẹ̀ mú, ẹ tì í, kí ẹ fà á. Bó bá dún kọ́, ẹ gbàgbé ẹ́ńjìnnì yẹn, tàbí kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Ìrìn rẹ̀ kò yẹ kó ju 0.07 sí 0.13 mm, ọwọ́ ò lè gbọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ abẹ́ bátìrì, níbi tí ásíìdì ti máa ń jẹ irin. Nọ́ńbà ṣáásì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ti ẹ́ńjìnnì wà lára kéèsì lábẹ́ ìdúró dáínámò. Kí méjèèjì bá pàtíkúlà mu kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ kéèsì tàbí àwọ̀ ọkọ̀, kó lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe kó tó gba ọ̀nà jíjìn.

Nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà ẹ̀yìn la fi parí ọjọ́. 36 mm ni, 300 Nm ló ń gbà, mẹkáníìkì púpọ̀ ni kò sì ní sípánà oníwọ̀n tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ki páìpù bọ ẹnu ọwọ́ sípánà, kó gùn gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó wúwo tó 75 kg á dúró sí orí rẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí nọ́ọ̀tì ní 40 cm. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Tí ihò pín-ìn ò bá ṣe déédéé, ẹ fún un síwájú, ẹ má tú u sẹ́yìn. Ọkọ̀ méjì nínú èyí tó wà níbẹ̀ ni nọ́ọ̀tì wọn ti rọ̀, eyín inú dírọ́ọ̀mù ọ̀kan sì ti ń jẹ.

Ọjọ́ karùn-ún: Ìdànrè sí Èkó

Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọrẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Èkó. Ọ̀nà gígùn tó tẹ́jú, 75 sí 80 km/h, ooru kò kọjá 104°C. Òjò mú wa lẹ́yìn Ọrẹ̀. Omi ò kó bá iná.

Kí ẹ́ńjìnnì tó tutù, a tú ọ́ìlì. Kò ní fílítà, sẹ́fẹ́ irin kan péré ló wà nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì 10 mẹ́fà ló sì dì í mú. Eruku irin díẹ̀ ló wà nínú sẹ́fẹ́, bó ṣe yẹ fún sìlíńdà tuntun. Kò sí ègé tó ń dán bí idẹ, èyí tí ì bá jẹ́ àmì bẹ́rìn. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun méjì, wáṣà kọ́pà mẹ́fà, nọ́ọ̀tì ní 7 Nm, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì 20W-50, lítà 2.5. Fáàfù kẹta, lọ́jọ́ kejì tí ẹ́ńjìnnì tutù: 0.15, kò tíì yẹ̀.